Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Èkó Kí Ó Tó Di Àwátì

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń kí ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo tí ẹ fi Gowon Estate ṣe ibùgbé, àti ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́ yòókù, láti Ìpájà títí dé Ẹ̀gbẹ̀dá, àti láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgàndó. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni èrò pọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ará Èkó ni gbogbo wa ń pe ara wa, bí a bá sì dé ìlú àwọn òbí wa ní ọdún Iléyá tàbí ní Kérésìmesì, “ará Èkó ti dé” ni wọ́n fi ń pàdé wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa pe ọmọ rẹ̀ tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá, kí ó bi í léèrè ibi tí ààfin Ọba Èkó wà, àti ohun tí Tinúbú àtijọ́ ṣe kí a tó fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede. Èsì tí ọmọ náà bá fọ̀ ni yóò fi hàn bóyá ará Èkó ni wá ní tòótọ́, tàbí ẹni tí ó kàn ń sùn sí Èkó.

A kò dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ní ọdún ilé-ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó pinnu láti dá a padà. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ kékeré ní ìgbà náà ti di géńdé lónìí, òmíràn nínú wọn sì ti gba iṣẹ́ olùkọ́. Báwo ni ẹni tí a kò kọ́ ní ìtàn yóò ṣe kọ́ ẹlòmíràn? Ìwé nìkan kò lè tún èyí ṣe. Ẹsẹ̀ ni a nílò láti fi rìn, ojú ni a sì nílò láti fi wò.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lọ́kàn kì í ṣe ti fàájì nìkan. Ilé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ gbàgede Tinúbú tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez, tí ó jẹ́ ara àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1855, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba Èkó di tiwọn. Ní ọdún 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni Alfred Ọmọlọ́nà Ọláìyá rà á, tí orúkọ ilé náà sì di Ilọ́jọ̀ Bar. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí ó túmọ̀ sí pé òfin ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tí ó ti rí ìjọba Ọba Dòsùnmú, tí ó rí ogun àgbáyé méjèèjì, tí ó sì rí òmìnira wa, di òkìtì àwókù.

Ariwo ta nígbà náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ẹ̀yìn kì í jí òkú. Ìbéèrè tiwa ni pé, ní gbogbo ọdún tí ilé náà fi wà ní ìdúró, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni a kó lọ wò ó? Òbí mélòó ni ó nawọ́ sí i fún ọmọ rẹ̀? Ọ̀nà tí a kò bá tọ̀ mọ́, igbó ni í dí i. Ilé àtijọ́ tí a kò bá bẹ̀ wò kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀tá bá dé. Nítorí náà ni a ṣe ń pè yín, pé kí ẹ mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan péré nínú ọdún, kí ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ́ka ọ̀nà fún yín.

Láti Gowon Estate, ẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí Ìyànà Ìpájà. Ọkọ̀ BRT ń ti ibẹ̀ kó èrò lọ sí Òṣòdì, òmíràn sì ń ti Òṣòdì lọ sí erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí agbára rẹ̀ bá ká a lè háyà bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá tètè jí, tí ó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò dé Ìdúmọ̀tà kí oòrùn tó mú, kí ọjà sì tó kún.

Ìgà Ìdúngànrán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àlejò tí ó bá wọ ìlú, ọba ni í kọ́kọ́ kí. Ìtàn sọ fún wa pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin, àti pé Ọba Gabaro ni ó ṣí ibùjókòó ọba láti Ìddó wá síbẹ̀. Níwájú ààfin yìí ni kí olùkọ́ dúró, kí ó sọ bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe rọ òjò ọta lé ìlú yìí lórí ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí wọ́n sì dá Ọba Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní nítorí àtilé òwò ẹrú lọ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí wọ́n fi mú Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́. Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ pé: ṣé òwò ẹrú nìkan ni àwọn àlejò wọ̀nyí wá lé lọ, tàbí òwò tiwọn ni wọ́n wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀? Kí ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀ títí. Ọmọ tí ó bá jiyàn ọ̀rọ̀ yìí níwájú Ìgà kò ní gbàgbé rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí òpópónà Martins Ponnsle, kí ẹ wo mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Sàró, tí ó là nípa òwò, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ọ̀gá bíríkìlà tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ó sì rí ọwọ́ iṣẹ́ àwọn ará Brazil lára ògiri rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter jókòó níbẹ̀. Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Liverpool, ni ó ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Oyè Bey tí Sultan fi ránṣẹ́ sí Shitta ni ó so mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ ronú sí èyí. Ọmọ Àgùdà kọ́ mọ́sáláṣí fún Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí sì pàdé láti bá a yọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀sìn pín wa níyà nítorí ìbò, ẹ mú un lọ síbẹ̀.

Gbàgede Tinúbú ni ó kàn, pẹ̀lú omi rẹ̀ tí ń tú sókè, èyí tí àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń gbé láàárín wa fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira. Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí ọba àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jọ ń bẹ̀rù, ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní ọdún 1856 ni wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Ó kọjá sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Kí olùkọ́ má ṣe fi apá kan ìtàn rẹ̀ bo apá kejì mọ́lẹ̀. Akíkanjú ni, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. Ọmọ tí a bá kọ́ ní òtítọ́ méjèèjì pa pọ̀ yóò mọ bí a ti í díwọ̀n ènìyàn nígbà tí ó bá dàgbà tí ó sì fẹ́ dìbò. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tọ́ka sí ibi tí Ilọ́jọ̀ Bar wà rí. Ibi tí ilé kò sí mọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Kò jìnnà sí gbàgede yìí ni Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ní ilẹ̀ yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Níbẹ̀ náà ni Hubert Ògúnǹdé, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, tí eré orí ìtàgé Yorùbá sì ti ibẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ rìn síwájú dé òpópónà Kakawa, kí ẹ wo Ilé Olómi. João Èṣan da Rocha ni ó kọ́ ọ. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Brazil, àgbàlagbà ni nígbà tí ó padà dé, kò sì padà lọ́wọ́ òfo. Ó mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀, ó sì kọ́ ilé tí ènìyàn ṣì ń dúró wò. Kànga tí ó wà nínú ilé náà ni ó fún un ní orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń rí omi mímọ́ kí omi ẹ̀rọ láti Ijù tó dé erékùṣù. Ijù yìí kan náà ni, tí kò jìnnà sí wa ní ìhà Ìpájà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kẹ́ẹ̀gì káàkiri àdúgbò láti wá omi lónìí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ omi Èkó kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ilé ìdílé ni Ilé Olómi o. Ìta ni kí ẹ ti wò ó, bí onílé kò bá pè yín wọlé.

Ní Marina ni Kàtídírà ti Kristi wà. Ní ọdún 1925 ni Ọmọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìpìlẹ̀ ilé tí ẹ ó rí náà lélẹ̀, ọdún 1946 ni wọ́n tó kọ́ ọ parí. Ibẹ̀ ni egungun Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sinmi sí. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864: gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọdún 1976 ni wọ́n sin ín síbẹ̀, nígbà tí ó ti kú láti ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí. Ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ ọ́fíìsì, ni wọ́n bá pa ìtẹ́ náà rẹ́. Ilọ́jọ̀ kọ́ ni àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti Kàtídírà jáde, ẹ kọjú sí ọgbà tí à ń pè ní Freedom Park, ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1882. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ inú rẹ̀. Wọ́n ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ ìjọba tí àwa tìkára wa yàn. Nígbà tí a ń múra àjọyọ̀ ọdún 50 òmìnira ní 2010, ayàwòrán-ilé Theo Lawson ni ó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọn kò pa àmì ẹ̀wọ̀n rẹ́: ẹ ó rí ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n tò sí, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n sì kọ́ orí ìtàgé sí, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọrin tí wọ́n ń ṣeré. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń fi orúkọ àwọn aṣáájú wa búra, ẹ wá fi ojú yín wo bí yàrá tí wọ́n fi ara jìyà nínú rẹ̀ ti há tó. Ọgbà yìí sì jẹ́ ẹ̀rí pé a lè lo ilẹ̀ àtijọ́ fún ohun tuntun láìwó ìtàn palẹ̀.

Oníkan ni kí ẹ fi parí ìrìn àjò náà. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí Kenneth Murray fi lélẹ̀ ní ọdún 1957 wà níbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà. Ní ìtòsí rẹ̀ ni Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá tí a fi orúkọ Dókítà John Randle pè, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Dókítà yìí ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Èkó ní ọdún 1928, kí wọ́n má bàa máa kú sómi. Níkẹyìn ni Gbàgede Tafawa Balewa, pẹ̀lú ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, tí wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì fa àsíá tí Táíwò Akínkúnmi yà sókè. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon kọ́ gbàgede náà, Gowon kan náà tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò yín. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé okùn kan so ilé wọn pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n dúró sí.

Àmọ̀ràn díẹ̀ kù fún ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kọ ìwé sí ibi kọ̀ọ̀kan ṣáájú, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti iye tí wọ́n ń gbà. Kí àwọn ọmọ múra bí ọmọlúàbí, nítorí a kì í wọ bàtà dé inú mọ́sáláṣí, a kì í sì í pariwo ní ààfin. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan lọ láti ilé, kí ó sì fi èdè Yorùbá kọ àròkọ lórí ohun tí ó rí nígbà tí ó bá dé.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní owó kò sí, sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò jẹ́ kí ènìyàn gbádùn, àti pé ẹni tí kò rí ìyẹ̀wù gbé kò lè máa ronú nípa ògiri àwọn tí ó ti kú. A kò kó ọ̀rọ̀ wọn dànù. Ilẹ̀ wọ́n ní erékùṣù Èkó, ẹbí tí ó bá sì jogún ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí oníṣòwò sì ń fi owó ńlá lọ̀ ọ́, wà nínú ìdánwò. Kí ìjọba kọ ìwé mọ́ ilé onílé pé kò gbọdọ̀ wó o, kí ó má sì fún un ní kọ́bọ̀ láti fi tún un ṣe, kò tọ́. Ibi tí a ní kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbé ohùn yín sókè gan-an nìyí. Nígbà tí olùdíje bá wá bẹ̀ yín ní Gowon Estate, yálà fún ipò káńsílọ̀ tàbí fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀yin náà ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé yóò bá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wá ọkọ̀ tí yóò kó àwọn ọmọ lọ wo ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Ṣé yóò ti òfin tí yóò ran àwọn onílé àtijọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn? Kí ni yóò ṣe sí ẹni tí ó bá wó ilé tí òfin dáàbò bò? Ẹni tí kò bá rí ọ̀kan dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

“Èkó ò ní bàjẹ́” jẹ́ àdúrà tí gbogbo wa ń ṣe àmín sí, láì bèèrè ẹgbẹ́ tí ẹnìkejì ń ṣe. Àdúrà láìsí iṣẹ́ kò tó. Bí ọmọ ogójì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gowon Estate bá fi ẹsẹ̀ wọn tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún yìí, ẹlẹ́rìí ogójì ni a ti ní. Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé òòlù sókè sí Ilé Olómi tàbí sí ilé mìíràn bí irú rẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní béèrè pé ilé wo ni. Wọn yóò mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì sọ̀rọ̀ kí ó tó wó.